Olóòtú, èmi gan-an ni ìyá tó tọ ọmọ lọ ṣe Kérésì

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ọdún á yabo fún gbogbo wa. Mo máa ń ka ìwé ìròyìn yín dáadáa, ọkọ mi ló máa ń rà á, tó bá ti ka ti bọ́ọ̀lù tán á jù ú sí mi. Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí láyé mi, ṣùgbọ́n bàbá kan kọ̀wé sí yín ṣáájú ọdún, wọ́n ní òbí tó bá palẹ̀ ẹrù mọ́ tó lọ bá ọmọ ẹ̀ nílé torí Kérésì ti fi iyì ara ẹ̀ wọ́lẹ̀, pé ọmọ ló ń wá kí òbí, òbí kì í wá kí ọmọ, àti pé àwa ìyá la ba nǹkan jẹ́. Ó ká mi lára. Mo gé lẹ́tà yẹn, mo fi í sínú Bíbélì mi, mo ní kí Kérésì kọjá ná kí n tó dá wọn lóhùn, torí èmi gan-an ni ìyá tí wọ́n ń bá wí.

Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Ìjọ̀mu níbí l'Àkúrẹ́ là ń gbé, ilé wa ò jìnnà sí Káńtẹ́dírà St. David's. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àkọ́bí wà n'Ìbàdàn, Akóbọ̀ ló ń gbé, òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ìkejì, obìnrin, ilé ọkọ ẹ̀ wà l'Oǹdó, Òde Oǹdó gan-an ni mò ń wí o, kì í ṣe Oǹdó Sítéètì, torí tí mo bá ti sọ fún ará Èkó pé ọmọ mi wà l'Oǹdó wọ́n á ní ṣebí Oǹdó náà lẹ̀yin ń gbé. Àbígbẹ̀yìn wà ní Kánádà, tìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, orí fóònù lòun ti ń ṣe Kérésì tiẹ̀.

Ká má parọ́, èmi náà ti ronú bíi ti bàbá yẹn rí. Kérésì nílé mi láyé ọjọ́sí, láti 23 December ni ilé á ti kún, ọyẹ́ á máa bẹ́ wa lẹ́nu, àwọn ọmọdé á máa yin nọ́kàọ́ọ̀tì títí ajá àdúgbò á fi sá lọ, ẹní á tẹ́ láti pálọ̀ dé kọ́rídọ̀, èmi á wà nídìí ààrò tí mò ń din ẹran tí mò ń pariwo mọ́ gbogbo èèyàn, inú mi á dùn kọjá bó ṣe yẹ. Nígbà tó di 2022, ẹni tó wá ò ju ọmọ mi obìnrin lọ, kò sì sùn. 2023, ẹnikẹ́ni ò wá. Mo se ìrẹsì ìkòkò ńlá lọ́dún yẹn torí mo rò pé wọ́n á kàn já lù mí ni, wọn ò wá, àwọn ará ilé kejì ló jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ 2023 yẹn náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, 29 May, epo tí ò tó ₦200 lítà kan tẹ́lẹ̀ kọjá ₦500 kí ojú tó mọ́. Mo gbọ́, èmi náà wà nínú àwọn tó ń ké, àmọ́ mi ò so ó pọ̀ mọ́ ọmọ tí ò wálé rárá. Ohun tí mo sọ ní mítìn ẹgbẹ́ obìnrin wa ni pé ìyàwó ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sì mi orí sí i, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ dá a lábàá pé ká lọ. Iṣẹ́ àkáǹtì ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tó lè ṣírò iye ata tó wà nínú ọbẹ̀ ni. Lóṣù October 2024, mo tún ń kùn pé bóyá n ò ní dáná rárá ní Kérésì, ló bá yí ẹ̀yìn bíìlì iná sókè, ó mú bírò. Ó ní Ìyá Tólú, owó ọkọ̀ láti Ìbàdàn síbí ti tó ₦7,000 lórí ẹnì kan, ká má tíì sọ ti December. Ẹni márùn-ún, àlọ àti àbọ̀, ₦70,000 nìyẹn, wọn ò tíì ra ìpápánu fọ́mọ lójú ọ̀nà, wọn ò tíì ra nǹkan tí wọ́n máa gbé wá fún ẹ, torí o mọ ara ẹ, tí wọ́n bá gbé ọwọ́ lásán wọlé wàá sọ̀rọ̀. Ó ní ₦70,000 yìí náà ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní July 2024, pé ìyẹn ni pé kí ẹnì kan ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko torí kó lè wá jẹ ìrẹsì ẹ. Ó wá kọ tiwa sísàlẹ̀, èmi àtòun, ₦28,000. Ó ní ta ló yẹ kó wọkọ̀ báyìí? Mi ò dá a lóhùn. Mo bínú wọ yàrá.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó pe àwọn ọmọ. Obìnrin ké, ó ń fò lórí fóònù, ó ní Màámi ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀. Ọkùnrin ní "ẹ jẹ́ ká wò ó ná mà". Ẹ jẹ́ ká wò ó kẹ̀! Mo ní ẹ ò rí i, ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹ̀. Mo ní màá lọ, kódà kí n sùn lórí ẹní, kí n lọ fojú ara mi rí nǹkan tí wọ́n ń fi pamọ́.

24 December tó jẹ́ Túsìdeè la gbéra lọ Oǹdó. Owó ọkọ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n ti sọ di ìlọ́po méjì kó tó di àárọ̀ ọjọ́ náà, mo bi agbèrò pé kí ló dé, ó ní "Màmá, ọdún ni", ó wá dúró bíi pé ó ti ṣàlàyé. Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀ síbí. Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn fún aráàlú ní reluwé ọ̀fẹ́ torí Kérésì, láti 20 December sí 5 January, a gbọ́ ọ lórí rédíò, a ní ẹ ṣeun. Ẹ wá bá mi bi wọ́n léèrè, ibo ni reluwé ti gba ìpínlẹ̀ wa kọjá? Ẹni tó ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn ni tiẹ̀ yé. Láti Àkúrẹ́ títí dé Òkìtìpupa, a ò ní irin reluwé kan báyìí, bọ́ọ̀sì la ní, agbèrò tó ní ọdún ni la ní. Mo ti sọ tèmi.

Ọkọ̀ gba Àpọnmú, a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà l'Ọ̀wẹ́nà, dírẹ́bà wá gbé fóònù sétí níbi tó ti fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀, mo fi ohùn tíṣà lé e, "Gbé fóònù yẹn sílẹ̀!", ó jù ú sílẹ̀ ní tòótọ́, ó ní sọ́rì mà. Gbogbo ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn Road Safety pariwo oṣù ember títí, wọn ò lè wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwa tó jókòó sínú ẹ̀ la gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀.

Nílé ọmọ mi l'Oǹdó, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ "Mama Àkúrẹ́ ti dé! Mama Àkúrẹ́ ti dé!" Ìyá àgbà méjì làwọn ọmọ yẹn ní, ìlú ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀, èmi ni Mama Àkúrẹ́, ìyá bàbá wọn ni Mama Oǹdó. Tẹ́lẹ̀ orúkọ yẹn máa ń bí mi nínú díẹ̀, torí Mama Oǹdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń rí wọn lójoojúmọ́, èmi wá dà bí àlejò tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, bẹ́ẹ̀ wákàtí kan lé díẹ̀ ni. Ọkọ ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní bẹ́ẹ̀dì àwọn ni ti Màámi àti Bàámi, òun àti ìyàwó òun lọ sùn sórí kúṣínnì ní pálọ̀. Lọ́jọ́ Kérésì a lọ St. Stephen's l'Òkè-Àlùkò, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé àwọn kan dúró síta, mo wọ gèlè tuntun, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀ kó kí mi kú gèlè, ìyẹn náà ni ìyà tó wà nínú ká ṣọdún nílùú onílùú.

Ọjọ́ kejì Kérésì la lọ kí àwọn àna ní agbo ilé wọn. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin náà mọ bí kòkó ṣe ṣe lọ́dún 2024, ní December yẹn tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà àgbáyé, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Bàbá ọkọ ọmọ mi ní oko kòkó. Ẹ ò ní bi mí bóyá ẹran wà. Ewúrẹ́ méjì ni wọ́n pa, ká má tíì dé orí tòlótòló, jẹnẹrétọ̀ ń ké, mínírà wà nínú kúlà ńlá mẹ́ta, àwa sì gbé iṣu márùn-ún, epo pupa gálọ̀nù kan àti páálí bísíkíìtì dání, bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ ni mo rí i pé ó kéré. Mama Oǹdó fọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n kúnlẹ̀ kí wa, èmi náà kúnlẹ̀, a ń kí ara wa nílẹ̀ títí àwọn ọmọ fi ń rẹ́rìn-ín.

Iyán dé, mo jẹun (èmi tí mo jẹ́ ará Àkúrẹ́ gbà pé iyán yẹn dáa, ẹ má jẹ́ káwọn èèyàn mi gbọ́). Mo wá ń wo ọmọ mi. Láti àárọ̀ tí a ti débẹ̀, kò tíì jókòó. "Ìyàwó, bá wa gbé omi wá." "Ìyàwó, mínírà yìí ò tutù." "Ìyàwó, àwo ti kún níbẹ̀ yẹn o." Àwọn àbúrò ọkọ ẹ̀ obìnrin mẹ́rin jókòó sábẹ́ kánópì, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ wọn, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún un ṣebí ẹ mọ̀, ẹni tí kò tíì pé ogún ọdún nínú wọn náà ń rán an níṣẹ́. Ọmọ tí mo bí, tó kàwé, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, òun nìkan, àwo yí i ká bí ọjà. Inú mi ń hó. Ọkọ mi ti mọ̀, ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ibi tí mo ti ń bínú yẹn ni nǹkan kan ti bọ́ sí mi lọ́kàn. Kérésì ìgbẹ̀yìn tí ìyàwó ọmọ mi lọ́kùnrin wá s'Àkúrẹ́, ó gbé ọmọ oṣù márùn-ún pọ̀n, òun ló fọ gbogbo àwo ilé mi. Èmi jókòó. Ohun tí mo sọ fún un kò ju pé kó rọra o, kó má fọ́ àwo aláwọ̀ búlúù mi. Mo jókòó sínú agbo ilé onílé l'Oǹdó, ìtìjú mú mi, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mo dìde, mo ká ìró mi sókè, mo lọ bá ọmọ mi, mo mú kànrìnkàn. Haa! Ẹ ò rí i bí agbo ilé ṣe tú. Mama Oǹdó sáré jáde, wọ́n ń pariwo, "Àna mi, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín l'Oǹdó yìí ni? Ẹ dìde níbẹ̀ o!" Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ran ìyàwó yín lọ́wọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ mi, wọ́n wá yíjú sí àwọn ọmọ tiwọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún wọn, èdè Oǹdó ni, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló yé mi, ṣùgbọ́n fóònù mẹ́rin ló wọ àpò lẹ́ẹ̀kan náà. Ká tó jẹ ẹran ìkejì, àwo ti tán. Mama Oǹdó fà mí wọ yàrá wọn, wọ́n ní àwọn náà ò mọ ìgbà tó di bẹ́ẹ̀, pé nígbà tí àwọn ń ṣe ìyàwó nínú agbo ilé yẹn, àwọn náà ò jókòó. A sọ̀rọ̀ tó pọ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni mo lè kọ síbí. Bàbá tó kọ lẹ́tà, ṣé orí fóònù ni mo ti fẹ́ bá àna mi sọ irú ìyẹn? Àbí ìgbà tí ọmọ mi bá wá s'Àkúrẹ́ fún ọjọ́ kan, tó ń rẹ́rìn-ín pé dáadáa ni gbogbo nǹkan?

Lọ́jọ́ Ẹtì, 27, a gba Òkè-Igbó sí Ifẹ̀, a dúró ra dòdò Ìkirè, ọmọ wa sì wá pàdé wa n'Ìwó Road. Inú Micra takisí ló ti jáde. Mo ní mọ́tò ẹ ńkọ́, ó ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Nígbà tó di alẹ́, ọmọ ẹ̀ àgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ bá wa tú àṣírí, ó ní "Grandma, Daddy ti ta mọ́tò, ó ti pẹ́." Láti August ni o! Owó ilé àti owó sukúù ló kó o lọ. Nǹkan tí wọ́n fi pamọ́ nìyẹn, "ẹ jẹ́ ká wò ó ná" tó sọ lórí fóònù nìyẹn, ojú ló ń tì í pé a máa wá bá òun láìní mọ́tò, bẹ́ẹ̀ bàbá ẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá. Ìrẹsì àpò kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní Kérésì 2023, tí mo gbàdúrà fún ọmọ mi lé lórí títí? Ìyàwó ló gbà á ní kọpuréétìfù ibi iṣẹ́ ẹ̀, oṣù mẹ́wàá ló fi san án. Orúkọ ọkọ ẹ̀ ló ní kí wọ́n fi gbé e fún mi.

Inú ọ̀fọ̀ la bá àdúgbò yẹn náà, torí ìtòsí wọn ní Bàṣọ̀run ni àwọn ọmọdé 35 ti kú ní 18 December, níbi àríyá ọ̀fẹ́ tí èrò ti tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa náà ti ń bẹ̀bẹ̀ láti lọ, ìyá wọn ló ní rárá, ó ní òun ò ní owó ọkọ̀ méjì. Mi ò lè gbàgbé bó ṣe sọ ọ́ fún mi, ó ń bó iṣu, kò gbójú sókè. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní lọ jókòó. Ó ní Màámi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní mo ti kọ́ ọ l'Oǹdó.

Àwọn òbí tiẹ̀ náà ń gbé n'Ìbàdàn, a lọ kí wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n fi àmàlà àti gbẹ̀gìrì ṣe wá lálejò, ọkọ mi àti bàbá ìyàwó jiyàn òṣèlú títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyẹn náà dùn.

Mi ò ní kó dáa tán o. A pẹ́ jù n'Ìbàdàn, ọjọ́ mẹ́fà, ní ọjọ́ kẹrin mo rí i tí ìyàwó ọmọ mi ń rọra ti ilẹ̀kùn kíṣìnì, mo mọ̀ pé gààrí ló fẹ́ dá mu kójú èèyàn má tó o. Ọjọ́ mẹ́ta tó. Kéèyàn sì gbé oúnjẹ ẹ̀ dání, kó fún wọn lówó gáàsì kí wọ́n tó bèèrè, torí wọn ò ní bèèrè, kó má sì ṣí ìkòkò wọn wò. Mo ṣí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ mi ló ká mi mọ́ ọn. Ìwé tí mò ń kọ yìí, mo sì fẹ́ káwọn ọmọ náà kà á: ẹ máa sọ fún wa. Tí kò bá sówó, ẹ ní kò sówó, ká yéé máa gbàwẹ̀ àdúrà lórí ẹni tí wọ́n ní ó fi àfọ̀ṣẹ gba ọmọ wa, nígbà tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ ló gbà á. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ní mítìn ẹgbẹ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá orúkọ ìyàwó ọmọ mi níbẹ̀ pé mo ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa ẹ̀. Àwọn tó mi orí lọ́jọ́sí tún mi orí.

Bàbá tó kọ lẹ́tà, ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé àgbà ni yín, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ nínú lẹ́tà yẹn bóyá àwọn ọmọ yín wá kí yín ní Kérésì yìí. Tí wọ́n bá wá, ẹ kú oríire. Tí wọn ò bá wá, ẹ mú bírò.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, Mama Oǹdó ti pè láàárọ̀, wọ́n ní Kérésì ọdún yìí àwọn ló ń bọ̀ l'Àkúrẹ́, àwọn àti bàbá àti méjì nínú àwọn ọmọbìnrin wọnnì, wọ́n ní àwọn ọmọ náà á wá bá mi fọ àwo. Yàrá méjì péré la ní tó ṣófo, òjò ọdún tó kọjá sì ti ba fóòmù inú ọ̀kan jẹ́. Ọkọ mi ti wá ẹ̀yìn bíìlì iná mìíràn, ó ti ń ṣírò.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Tólú,
Ìjọ̀mu, Àkúrẹ́.